Káàdì Ọwọ́ Ìyá: Bí Ikọ̀ Òṣìṣẹ́ Ìlera Alábọ́ọ́dé Ṣe Ń Tọ́jú Aláìsàn



Ní ọdún 1956, dókítà ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá bá a ni ọ̀rọ̀ wọn ti le kí wọ́n tó dé: èéyi ti bá wọn jà, ìgbẹ́ gbuuru ti gbẹ omi ara wọn, àìjẹunre-kánú ti sọ wọ́n di egungun. Bí wọ́n bá gba ọ̀kan là lónìí, ìyá mìíràn á tún pọn irú rẹ̀ wá lọ́la. Morley kò dúró sídìí bẹ́ẹ̀dì nìkan. Ó gba ọ̀nà Ìmẹ̀sí-Ilé lọ, ìlú tí wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ogun Kírìjì ní 1886. Láti 1957 ni òun àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀, láti ìgbà ìbí títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Wọ́n dá ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Dókítà kọ́ ló ń jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́, nọ́ọ̀sì ni. Nọ́ọ̀sì ló ń wọn ọmọ, tó ń gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó ń fún un lóògùn ibà, tó sì mọ èyí tó gbọ́dọ̀ lọ sí Iléṣà. Ìyá ọmọ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ètò yìí. Ohun tó so ìyá, nọ́ọ̀sì àti dókítà pọ̀ ni káàdì kan.

Ẹ jẹ́ ká yẹ káàdì yẹn wò dáadáa. Oṣù tí ọmọ ti lò láyé wà nísàlẹ̀, ìwọ̀n ara rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà méjì gba àárín rẹ̀ kọjá, wọ́n ń gòkè bọ̀ láti apá òsì. Àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì ni wọ́n pè ní ọ̀nà ìlera. Ìgbàkúùgbà tí wọ́n bá wọn ọmọ, nọ́ọ̀sì á fi àmì kan sí i, á fi ìlà so ó mọ́ ti ìṣáájú. Bí ìlà ọmọ bá ń gòkè, ara ń lọ déédéé. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ láti oṣù kan dé òmíràn, àìsàn tàbí ebi ti wà níbẹ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àyè kan tún wà tí wọ́n ti ń kọ ìdí tí ọmọ fi nílò àbójútó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ: bóyá ìyá rẹ̀ ti kú, bóyá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dúró, bóyá ìbejì ni. Ní ilẹ̀ tí ìbejì pọ̀ tó báyìí, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Inú àpò ọ̀rá ni káàdì náà ń wà, ilé ìyá ló sì ń gbé, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ìyá tí kò mọ ìwé kankan lè rí i bóyá ìlà ọmọ òun ń gòkè. Bó bá sì gbé ọmọ náà dé Iléṣà, ìtàn ọmọ ti bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ǹjẹ́ ó ṣiṣẹ́? Dókítà Nicholas Cunningham fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkè-Ìmẹ̀sí tí kò jìnnà sí i. Oúnjẹ wọn jọra, iṣẹ́ oko wọn jọra, ṣùgbọ́n irú ilé ìtọ́jú ọmọdé bẹ́ẹ̀ kò sí ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Iye ọmọ tó ń kú ní Ìmẹ̀sí-Ilé kéré gan-an sí ti ìlú kejì. Àbájáde yìí jáde nínú ìwé ní 1978.

Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè péjọ lórí ọ̀rọ̀ ìlera alábọ́ọ́dé sí Alma-Ata, ní Kazakhstan tó wà lábẹ́ Soviet nígbà náà. Ìkéde tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ka dókítà, nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, àti oníṣègùn ìbílẹ̀ níbi tó bá yẹ, mọ́ ikọ̀ kan náà. Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, onímọ̀ nípa ìtọ́jú ọmọdé ní Yunifásítì Èkó, ló gbé e rù. Nígbà tó di mínísítà ìlera ní 1985, ó fi ìjọba ìbílẹ̀ 52 bẹ̀rẹ̀, ó sì fi àwọn òṣìṣẹ́ àdúgbò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CHEW ṣe òpómúléró ètò náà.

Títí dòní, ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń bínú jáde nílé ìtọ́jú wọ́ọ̀dù wọn pé kò sí dókítà níbẹ̀. Ìbínú náà ní ìdí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ikọ̀ lè ṣe tí dókítà nìkan kò lè ṣe.

Ká ní ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan wọlé, ó ní orí ń fọ́ òun. Akọ̀wé mú fáìlì rẹ̀ jáde. JCHEW, àbúrò CHEW lẹ́nu iṣẹ́, fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpá rẹ̀, ó rí i pé ó ti lọ sókè. CHEW ṣí ìwé ìlànà tí ìjọba tẹ̀ fún wọn, èyí tó sọ ohun tí wọn yóò bi aláìsàn, ohun tí wọn yóò wò lára rẹ̀, àti ibi tí agbára wọn mọ. Ìyá gba oògùn, ó ń lò ó, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò wálẹ̀. JCHEW bá tọ̀ ọ́ lọ sí ìsọ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo oògùn yín.”

“Ó ṣì kù, ọmọ mi. N kì í lò ó lọ́jọ́ ọjà. Ó ń jẹ́ kí n máa tọ̀ ṣáá, o ò rí i pé kò síbi tí èèyàn lè yà sí níbí?”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò lè jáde níwájú dókítà tí èrò ogójì ń dúró dè. Ìsọ̀ èlùbọ́ ló ti jáde, fún ọ̀dọ́ tó ń pe ìyá ní Màmá. JCHEW sọ fún nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì pe dókítà tó ń bójú tó wọn láti ilé ìwòsàn ìjọba, dókítà sì sọ bí wọn yóò ṣe yí àkókò oògùn náà padà. Ìpè kan péré ni iṣẹ́ dókítà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, ọ̀rọ̀ náà kò yanjú. Ní Abuja, ní 2020, irú ìlànà yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé 60, àwọn CHEW sì ni wọ́n wà nídìí iṣẹ́ náà.

Ohun tó ń dunni ni ibi tí ìjọba ti ń fi orúkọ ikọ̀ bo àìtó òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀. CHEW kan ṣoṣo tó ń gbálẹ̀, tó ń kọ fáìlì, tó ń gbẹ̀bí, tó sì tún ń gún abẹ́rẹ́, òun nìkan kì í ṣe ikọ̀, àbùkù ni irú ètò bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún òun àti aláìsàn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń darí aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ìwé ń lọ, èsì kì í bọ̀. Aboyún á ti bímọ, wọ́n á ti fi abẹ gbé ọmọ rẹ̀, agbẹ̀bí tó kọ́kọ́ rí ewu rẹ̀ kò ní mọ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni ìyá ọmọ yóò padà wá bá.

Brazil gbé tirẹ̀ gba ọ̀nà tó yẹ ká wò. Lẹ́yìn tí òfin wọn ti 1988 sọ ìlera di ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn, wọ́n dá ètò ìlera ìdílé sílẹ̀ ní 1994: dókítà kan, nọ́ọ̀sì kan, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, àti àwọn aṣojú ìlera àdúgbò. Agbo ilé tó jẹ́ ti aṣojú kọ̀ọ̀kan ti hàn, ìlànà wọn ti 2011 sì sọ pé kò gbọdọ̀ ju ènìyàn 750 lọ. Ilé sí ilé ló ń lọ, títí kan àwọn àdúgbò Salvador ní Bahia, níbi tí àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú nílẹ̀ yìí pọ̀ sí. Ìwádìí tí Macinko àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2006 fi hàn pé níbi tí ètò náà bá ti fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún gbòòrò sí i, ikú ọmọ ọwọ́ ń dín kù ní ìdá 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Òfin wọn tún sọ ọ́ gbangba pé àdúgbò tí aṣojú ìlera ń ṣiṣẹ́ fún ló gbọ́dọ̀ máa gbé. Ní tiwa, ìlànà ìjọba ka ilé òṣìṣẹ́ mọ́ ohun tó yẹ kó wà nínú ọgbà ilé ìtọ́jú wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ibi ilé náà kò sí, tàbí kó ti wó. Òṣìṣẹ́ ń wọkọ̀ wá láàárọ̀, ó ń wọkọ̀ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná lóru kò sì rẹ́ni kàn sí. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ilé yẹn ni kó kọ́kọ́ kọ́: yàrá méjì, omi, iná, àti ilẹ̀kùn tó ṣeé tì, kí JCHEW lè máa bá àwọn tó ń tọ́jú gbé.