Ta Ni Òfin Oúnjẹ Wà Fún?

 

Bí wọ́n bá ní wolé-wolé ń bọ̀ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, tàbí lọ́jà ìlú Oǹdó, kí ni a máa ń ṣe? Ẹlòmíràn á sáré gbálẹ̀. Ẹlòmíràn á palẹ̀ mọ́, á sá lọ. Ọ̀pọ̀ á ní, "Owó ọbẹ̀ ni wọ́n ń wá." A kò bá wọn jà, nítorí ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n ṣé wolé-wolé ni yóò jẹ oúnjẹ náà ni? Ọmọ wa ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀wà ṣe àpẹẹrẹ. Kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, àwọn kan ń da Sniper sí i. Oògùn yìí kì í ṣe ti oúnjẹ rárá. Ojú kì í rí i nínú ẹ̀wà, gbígbálẹ̀ ìsọ̀ kò sì lè mú un kúrò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kò gba ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà mọ́, nítorí dichlorvos, oògùn inú Sniper, tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ní 2016, wọ́n fi ọdún mẹ́ta kún un. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ sá ẹ̀wà títí yóò fi gbẹ dáadáa. Ẹ ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tó gbẹ, tí wọn kò rọ oògùn tàbí kẹrosíìnì sí rí. Ẹ rọ ẹ̀wà kún un dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ má sì máa ṣí i léraléra. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, yóò kú.

Bí òṣìṣẹ́ kan bá béèrè owó, ẹ béèrè rìsíìtì. Bí kò bá fún yín, ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìwà òṣìṣẹ́ kan má mú wa sọ pé òfin kò dára.

Wolé-wolé wá o, kò wá o, ẹ jẹ́ kí ọjà wa mọ́. Ire oko kò ní wọ́n wa o. Ó dìgbà kan ná.