Iná Mànàmáná àti Ẹsẹ̀ Tí Kò Gbọ́ Àṣẹ Mọ́

Ọ̀nà ọkọ̀ tí ó ti Ìbàdàn wá, tí ó sì gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá lọ sí Ìlọrin, ni ó ń gbé èrò àti ẹrù wá sí Sábó ìlú méjèèjì. Ọ̀nà kan náà ni ó ń gbé ìbànújẹ́ wá nígbà tí ọkọ̀ bá dojú dé. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Nàìjíríà ti rí i pé jàǹbá ọkọ̀ ni ó ń ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn ènìyàn léṣe jù lọ. Jíjábọ́ láti orí ọ̀pẹ, igi eléso àti òrùlé náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ní òwúrọ̀ a di ẹni tí à ń gbé wọlé ní alẹ́. Ẹlòmíràn a sì ní ayé ni ó ṣe é.

Kì í ṣe ayé. Inú egungun ẹ̀yìn ni okùn kan wà tí kò nípọn tó àtàǹpàkò. Òun ni ó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tí ó sì ń gbé ìròyìn ìrora, ooru àti òtútù padà. Ẹ fi í wé ọ̀nà tí ilàrí ń gbà láyé àtijọ́ nígbà tí ó bá ń jíṣẹ́ Aláàfin fún àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́. Bí ọ̀nà bá dí, Aláàfin wà láàfin, ìlú náà kò sì tú. Ṣùgbọ́n àṣẹ kò dé ibẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọpọlọ aláìsàn pé, tí ẹran itan rẹ̀ sì wà láàyè. Ọ̀nà àárín wọn ni ó bàjẹ́. Okùn yìí kì í sì í jinná bí egungun tí ó kán ti ń jinná.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ni láti bá ẹran ara sọ̀rọ̀ láìgba ọ̀nà tí ó bàjẹ́. Luigi Galvani, ará Bologna ní ilẹ̀ Ítálì, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1791 pé iná yìí ń mú kí ẹsẹ̀ àkèré tí ó ti kú ta gìrì. Ní Amẹ́ríkà, Jerrold Petrofsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wright State fi kọ̀ǹpútà darí iná náà sí ẹsẹ̀ Nan Davis, ọ̀dọ́mọbìnrin tí jàǹbá ọkọ̀ mú ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ ní ọdún 1978. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1982, ó gbé ìṣísẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1983, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, bí àwọn ènìyàn tilẹ̀ dì í mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ náà a tún dákẹ́.

Báyìí ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọn a lẹ ohun pẹlẹbẹ tí ó ní wáyà mọ́ awọ ara. Ẹ̀rọ kékeré a máa rán iná tí kò le wọlé, nǹkan bí ìgbà 20 sí 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹran ara a sì súnkì. Èyí kì í jẹ́ kí ẹran ara tètè gbẹ, ṣùgbọ́n ó ń tètè mú kí ó rẹ̀ ẹ́. Kò sì wúlò bí okùn ìmọ̀lára tí ó ti ẹ̀yìn wọ inú ẹran náà bá ti kú.

Láti ọdún 2009 ni àwọn onímọ̀ Louisville ní Amẹ́ríkà ti ń fi iná náà sí orí okùn ẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2018, àwọn ti Lausanne ní Switzerland ròyìn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n tún fi ẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ohun ìgbáralé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí ẹ̀rọ kan tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ ọrùn láti mú ọwọ́ lókun, fún àwọn tí okùn ẹ̀yìn wọn kò já tán. Àwọn 60 ni ó parí ìdánwò rẹ̀. 72 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ọwọ́ wọn sàn sí i. Ìdárayá ọ̀pọ̀ oṣù ni ó bá iná náà ṣiṣẹ́.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn: ẹni tí okùn rẹ̀ kò já tán ni ẹ̀rọ wọ̀nyí wúlò fún jù. Ẹni tí ó bá wọ́ olùfarapa ní apá jáde nínú ọkọ̀, tí ó sì ká a sẹ́yìn ọ̀kadà, lè jẹ́ ẹni tí yóò já èyí tí ó kù. Bí iná kò bá jó, tí ewu mìíràn kò sì sí níbẹ̀, ẹ má ṣe gbé e ní ìkánjú. Kí ẹnì kan di orí àti ọrùn rẹ̀ mú gbọọrọ. Kí àwọn mìíràn gbé e pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sórí pátákó, bí ẹni gbé ìtì igi.

Nílé, ẹ máa yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán tòru, kí egbò ìdùbúlẹ̀ má bàa pa á. Ohun tí Ludwig Guttmann tẹnu mọ́ nìyẹn nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1944, ó sì dá ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sí. Ẹ má fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ tí kò mọ ooru. Ẹ má ra ẹ̀rọ oníná lọ́wọ́ ẹni tí ń polówó ìwòsàn nínú ọjà.

Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní fisiotẹ́rápì, èyíinì ni fífi ìdárayá àti ẹ̀rọ wo ara, láti ọdún 1966. Ilé ìwòsàn tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1907 ti di ti Yunifásítì Bowen láti ọdún 2009. Irú ibẹ̀ ni kí ẹ gbé aláìsàn lọ. Ẹ̀sọ̀, ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ẹ̀sọ̀ náà ni kí a fi gbé ẹni tí ó fara pa.