Oró Inú Awọ Ọ̀pọ̀lọ́ àti Àkèré: Níbo Ló Ti Ń Wá?

 Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Ká sòótọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ sáré lóru náà. Ẹranko tí kò lè buni jẹ, tí kò ní èékánná, tí kò lè sáré, kí ló gbójú lé? Awọ ara rẹ̀ ni.

Oríṣi àpò oje kéékèèké méjì ló wà nínú awọ wọn. Ọ̀kan ń sun oje tó ń yọ̀, kí awọ má bàa gbẹ, nítorí wọ́n ń mí láti ara awọ. Èkejì ló ń tọ́jú oró. Ẹ wo ẹ̀yìn ojú ọ̀pọ̀lọ́, ẹ ó rí ibi méjì tó wú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí ajá bá gbé e há ẹnu, eyín ajá á tẹ ibẹ̀, oje funfun bíi wàrà á sì tú jáde.

Ọ̀pọ̀lọ́ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe oró yìí, láti inú cholesterol, ọ̀rá kan tó wà lára àwa náà. Bufadienolide ni wọ́n ń pè é. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ọkàn wa ló ní ohun kan bí ẹ̀rọ tó ń ti sódíọ̀mù síta, tó sì ń fa pòtásíọ̀mù wọlé. Oró yìí máa ń dá ẹ̀rọ náà dúró, ọkàn á wá máa lù ségesège. Ọ̀nà yìí náà ni digoxin, oògùn ọkàn tí dókítà ń kọ fúnni, ń gbà ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n ló yàtọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí: iná kì í pa oró yẹn. Ẹni tó ń jẹ kọ̀ǹkọ̀ kò gbọdọ̀ fi ọ̀pọ̀lọ́ dípò rẹ̀, bó ti wù kó sè é tó. Bí ajá yín bá bu ọ̀pọ̀lọ́ jẹ, ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, kí omi náà máa dà síta, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Bí ọmọdé bá fọwọ́ kàn án, kó fọ ọwọ́ kó tó fi nu ojú.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Kòlóńbíà. Àkèré kan wà níbẹ̀ tó pupa rúsúrúsú bíi wúrà, Phyllobates terribilis. Ọdún 1978 làwọn onímọ̀ fún un lórúkọ yìí. Nígbà kan rí, àwọn ará Emberá máa ń fi ẹnu ọfà wọn ra ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n tó lọ ṣọdẹ. Batrachotoxin ni oró tirẹ̀: ó ń ṣí ilẹ̀kùn sódíọ̀mù ara iṣan sílẹ̀, kò sì ní jẹ́ kó padé mọ́. Àwọn onímọ̀ gbà pé èyí tó wà lára àkèré kan ṣoṣo lè pa èèyàn mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n tọ́ sínú gíláàsì, tí wọ́n ń fún ní eṣinṣin orí èso jẹ, kò ní oró. Inú oúnjẹ igbó ló ti ń rí i! Ní Papua New Guinea náà, wọ́n rí irú oró yìí lára ẹyẹ pitohui, wọ́n sì tún rí i lára kòkòrò kékeré tí ẹyẹ ń jẹ níbẹ̀.

Ní ọdún 1974, John Daly, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Amẹ́ríkà, rí àkèré kan ní Ecuador tí oje awọ rẹ̀ ń pa ìrora nígbà 200 ju mọfíìnì lọ. Ó di 1992 kí wọ́n tó mọ bí èròjà náà, epibatidine, ṣe rí. Kò di oògùn, torí ìwọ̀n tó ń pa ìrora kò jìnnà sí èyí tó ń pani. Síbẹ̀, ó fi ọ̀nà míì láti pa ìrora han àwọn tó ń ṣe oògùn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gé igbó tán, tí a sì kó àkèré pa mọ́ sínú gíláàsì, àkèré á wà o, ṣùgbọ́n kẹ́mísírì rẹ̀ á ti lọ. Igbó àti èèrà inú rẹ̀ la gbọ́dọ̀ tọ́jú pẹ̀lú.