Ṣé Kàrátè Lè Gbà Ẹ́ Lábẹ́ Bíríìjì Sàngó?

 

Ìbéèrè kan wà tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp ṣáá: tí èèyàn bá kọ́ kàrátè, ṣé ó lè na àwọn tó ń já fóònù gbà lábẹ́ bíríìjì Sàngó? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ́ nínú ẹgbẹ́ kàrátè nígbà tí mo wà ní yunifásítì, níbí ní Ọ̀tà.

Ẹni tó bá ti wo fíìmù Ṣáínà á rò pé fífò sókè la fi ń bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Ìdúró ni. Orúnkún iwájú á tẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á nà, gìgísẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Ọmọ Àwórì ni o, ọmọ Íbò ni o, gbogbo wa la jọ ń kà á ní èdè Japan: ichi, ni, san, shi, go. Kí a tó ka ọgọ́rùn-ún, itan ti ń gbọ̀n.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà pín sí. Kihon ni ká máa ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kata ni ká máa bá ẹni tí a ò rí jà. Heian Shodan tí àwa Shotokan kọ́kọ́ kọ́ ní ìgbésẹ̀ 21. Kumite ni kí ẹni méjì dojú kọ ara wọn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹnikẹ́ni lè ju ẹ̀ṣẹ́. Kí ẹ̀ṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú ẹnì kejì kó tó dúró, ìyẹn gba ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ má rò pé eré àwọn ọmọ yunifásítì lásán ni. Okinawa ni kàrátè ti wá. Gichin Funakoshi, tó jẹ́ tíṣà, fi í han àwọn ará Tokyo lọ́dún 1922. Lọ́dún 1924, wọ́n dá ẹgbẹ́ kàrátè sílẹ̀ ní Yunifásítì Keio, ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ti tàn kálẹ̀. Ohun tí Funakoshi tẹnu mọ́ ni pé ẹni tó mọ kàrátè kì í kọ́kọ́ nawọ́ ìjà.

Ó dáa, ká padà sí Sàngó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan fa okùn báàgì mi. Ẹsẹ̀ mi ti lọ sẹ́yìn kí n tó ronú, ọwọ́ méjèèjì ti gòkè, mo sì ké láti inú ikùn, igbe tí à ń pè ní kiai. Gbogbo èèyàn yíjú. Ó fi báàgì sílẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Ìdáhùn mi nìyẹn. Nínú gídígbò tiwa, ẹ ó di ara yín mú. Kàrátè ní tiẹ̀ ń kọ́ ẹ láti mọ ibi tí ọwọ́ ẹlòmíì lè dé, kó o má sì sí níbẹ̀. Tó bá mú ọ̀bẹ dání, tàbí tí wọ́n jẹ́ méjì lórí ọ̀kadà, gbé fóònù fún wọn. Akínkanjú tó mọ̀ ọ́n jà tí kò mọ̀ ọ́n sá ni í bógun lọ.

Tí ẹgbẹ́ kàrátè bá wà nílé ìwé yín, ẹ kọ́kọ́ lọ wòran. Ẹ wò ó bóyá olùkọ́ máa ń dá ẹni tó bá ń ṣe ẹlòmíì léṣe dúró. Tí kì í bá dá wọn dúró, ẹ máa lọ sílé yín.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa o.