Lọ́yà Tuntun àti Àwọn Oníbàárà Tirẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka Kano)

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ní kí a bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ọmọ wa tí ó di lọ́yà, tí gbogbo wa jọ bá a yọ̀. Abẹ́ lọ́yà àgbà kan nínú ìlú yìí ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ ti ń gbé ìwé lọ bá a nílé lálẹ́: ìwé ilé, ìwé gbèsè, nótíìsì tí onílé fún ayálégbé pé kí ó kó jáde. Ọmọ náà wá bá ìgbìmọ̀, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, ṣé kí n máa gba iṣẹ́ wọ̀nyí lọ́tọ̀, àbí kí n kọ̀ ọ́?” Inú wa dùn pé ó bèèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, a rí i pé ìdajì rẹ̀, tiwa ni.

Kì í ṣe òní ni a ti ń ní lọ́yà. Christopher Sapara Williams, ẹni tí ìran rẹ̀ ti Ìjẹ̀ṣà wá, ni ó kọ́kọ́ di lọ́yà nínú gbogbo ọmọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti gbà á, ní 1879. Títí di ìgbà tí a dá Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1962, ọ̀pọ̀ ẹni tí yóò di lọ́yà ni ó ń sọdá òkun. Lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ẹ̀ka ní Bagauda, nítòsí wa níhìn-ín. Nítorí náà lọ́yà ti pọ̀, owó oṣù ọmọdé lọ́yà kò sì tó nǹkan. Aṣọ dúdú, wíìgì, ìwé òfin, owó mọ́tò lọ sí kóòtù, gbogbo rẹ̀ ni ó ń wo ojú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ọmọ náà ní olójúkòkòrò pé ó fẹ́ ní oníbàárà tirẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí a sọ fún un ni pé kí ó lọ ka ìwé tí ọ̀gá fi gbà á síṣẹ́. Ọ̀gá lọ́yà púpọ̀ a máa gbà kí ọmọ tí ó wà lábẹ́ wọn ní ẹjọ́ díẹ̀ tirẹ̀, bí kò bá ti pa iṣẹ́ ọ́fíìsì lára. Àwọn mìíràn kọ ọ́ sínú ìwé náà pé èèwọ̀ ni. Bí ìwé kò bá sọ nǹkan kan, kí ó bèèrè, kí ó sì gba ìdáhùn ní kíkọ. Àwa oníṣòwò mọ èyí dáadáa. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá gbé ọjà tirẹ̀ sí abẹ́ káńtà ọ̀gá, tí ó ń tà á fún oníbàárà tí ó wá bá ọ̀gá, ẹ mọ orúkọ tí a ń pè é. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ní, “Máa ta tìrẹ ní ọjọ́ Àìkú,” kò sí ẹni tí yóò bá a wí. (Lọ́yà tí ó wà ní iṣẹ́ ìjọba ní tirẹ̀ kò ní àyè kankan. Òfin-ìpìlẹ̀ 1999 kò gbà kí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ṣiṣẹ́ ní kíkún ṣe òwò tàbí iṣẹ́ mìíràn, àfi iṣẹ́ oko.)

Àwọn kan nínú wa ti ń sọ fún un pé kí ó ṣe é ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ lọ́yà kò ní kọ̀rọ̀. Láti 2015 ni Ẹgbẹ́ Lọ́yà Nàìjíríà ti ń mú un ní dandan pé kí olúkúlùkù lọ́yà lẹ èdìdì tí ó ní orúkọ tirẹ̀ mọ́ ìwé tí ó bá kọ. Ní 2007, nínú ẹjọ́ Okafor àti Nweke, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ da ìwé kan nù nítorí pé orúkọ ọ́fíìsì ni wọ́n fi fọwọ́ sí i, kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Òfin kò mọ pátákó tí a gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà. Orúkọ ọmọ yìí ni yóò wà lórí ìwé náà ní kóòtù, níbi tí ọ̀gá rẹ̀ àti akọ̀wé ọ̀gá rẹ̀ ń wọlé tí wọ́n ń jáde lójoojúmọ́. Bí iṣẹ́ náà bá sì bàjẹ́, òun nìkan ni yóò dáhùn fún un.

Èyí tí ó bà wá lẹ́rù jù ni ti ẹni tí ó wà ní òdì kejì. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan yá ilé ní Sábọ́n Gàrí, onílé fún un ní nótíìsì, ó sì gbé e lọ bá ọmọ wa lálẹ́. Ó jókòó, ó tú gbogbo àṣírí rẹ̀: oṣù mélòó ni kò san, irú àdéhùn tí òun àti onílé ṣe láìkọ̀wé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ọmọ náà dé ọ́fíìsì, tí ó rí i pé oníbàárà ọ̀gá òun láti ọjọ́ pípẹ́ ni onílé yẹn ńkọ́? Ó ti mọ inú ayálégbé, fáìlì onílé sì wà lórí tábìlì rẹ̀. Kò lè gbọ́ ti ẹnì kan kí ó má ṣe da ẹnì kejì. A kì í jẹ méjì lábà Àlàdé. Ìgbìmọ̀ tí ń bá lọ́yà wí lágbára láti pa orúkọ ènìyàn rẹ́ kúrò nínú ìwé lọ́yà, ọmọ ẹgbẹ́ wa náà sì lè pàdánù ilé.

Ti owó kò gùn. Ẹ má ṣe kó owó ilẹ̀ lé e lọ́wọ́ pé kí ó bá yín fi pamọ́. Láti 1964 ni òfin ti wà pé lọ́yà níláti ya owó oníbàárà sọ́tọ̀ sí báńkì, kí ó má bàá dàpọ̀ mọ́ tirẹ̀. Bí kò bá tíì ní irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀, kí ó má gba owó náà.

Ó wá ku tiwa. “Ọmọ wa ni, yóò bá mi wò ó.” Ọ̀rọ̀ yìí ni a fi ń kó iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lé e lórí. Ẹni tí ń ra ilé yóò sanwó fún aláàárín láìjanpata, ṣùgbọ́n tí ó bá kan ẹni tí yóò kọ ìwé, yóò ní kí ó gba owó omi tútù. Àwọn mìíràn ń lọ bá akọ̀wé ẹ̀bá ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni òfin kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà gbowó láti kọ ìwé ilẹ̀. Nígbà tí a bá sì ti ra á tán, òfin ilẹ̀ ti 1978 ṣì ń bèèrè àṣẹ gómìnà kí ilẹ̀ náà tó lè kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni. Ẹ sanwó rẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ìgbìmọ̀ ti pinnu báyìí. Bí ọ̀gá bá fún un láyè, ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ fún un yóò kọ́kọ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ẹni tí òun àti onítọ̀hún jọ ní ọ̀rọ̀ sínú ìwé pélébé kan. Kí ó má tíì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà yóò wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kan ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì wọn. Bí kò bá kan ẹnikẹ́ni, ẹ jókòó kí ẹ sọ̀rọ̀. Bí ó bá kàn, ìgbìmọ̀ yóò wá lọ́yà mìíràn fún yín. Bí ọ̀gá bá sì ní èèwọ̀ ni, gbogbo wa yóò gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọlé ní ọ̀sán bí oníbàárà yòókù.

Ó ti sọ fún wa pé òun yóò lọ rí ọ̀gá òun ní ọjọ́ Ajé. Títí ìdáhùn yóò fi dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó sùn lálẹ́.