Ilé-Ìwé Páríìṣì, Ọmọ Gbogbo Ìjọ

Ọ̀rọ̀ tí katikísì páríìṣì sọ ní ọjọ́ àjọ̀dún júbílì

 

Ìgbìmọ̀ páríìṣì ni ó ní kí a wá sọ̀rọ̀ nípa ilé-ìwé wa. Àwọn tí ó ṣáájú wa ti sọ̀rọ̀ nípa ilé ìjọsìn, nípa agogo, nípa àwọn àlùfáà tí ó ti sìn wá. Wọ́n sọ ọ́ dáadáa, a kò ní tún un sọ.

Nínú Ìwé Léfítíkù, ní orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Ọlọ́run pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísráẹ́lì pé nígbà tí ó bá di ọdún 50, kí wọ́n fọn ìpè júbílì. Ní ọdún náà, ẹni tí ilẹ̀ baba rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò padà sórí rẹ̀. Ẹni tí òṣì ti sọ di ìránṣẹ́ nílé onílé yóò padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Júbílì kì í ṣe ọjọ́ aṣọ ẹgbẹ́ àti ìlù nìkan. (Àwa náà ra aṣọ ẹgbẹ́ náà, ẹ kò gbọdọ̀ rò pé a ń bú u.) Ọjọ́ ìpadàbọ̀sípò ni. Ní ilẹ̀ wa yìí, ilé-ìwé wà lára ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ Ìjọ tí ó sì padà. Ohun tí a fẹ́ bi ara wa lónìí ni bóyá àwa gan-an mọ̀ pé ó ti padà sọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1861, Àlùfáà Francesco Borghero, ọmọ Ítálì, àti Àlùfáà Francisco Fernandez, ọmọ Sípéènì, gúnlẹ̀ sí Wídà. Ẹgbẹ́ Míṣọ́nnárì Áfíríkà ti Lyon tí ó rán wọn kò tí ì pé ọdún márùn-ún nígbà náà, Bíṣọ́ọ̀bù Marion Brésillac tí ó dá a sílẹ̀ sì ti kú ní Freetown ní 1859, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré lẹ́yìn tí ó débẹ̀. Àwọn tí àlùfáà méjèèjì bá ní Wídà tí wọ́n ti ń pe ara wọn ní Kristẹni ni àwọn Àgùdà: àwọn tí a ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n sì padà wá, àti àwọn ọmọ wọn. Àwọn yìí fẹ́ kí a ri ọmọ wọn bọmi, wọ́n sì fẹ́ kí a kọ́ ọmọ náà ní ìwé. Èdè Potogí ni a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, nítorí òun ni wọ́n gbọ́. Nígbà tí míṣọ́n dé Àjàṣẹ́ ní 1864, ilé ìjọsìn àti ilé-ìwé ni ó bá a dé. Láti ọjọ́ kìíní ni àwọn méjèèjì ti jẹ́ ìbejì. Ìyá wo ni ó sì ń bọ́ Táíwò yó tí ó ń fi ebi pa Kẹ́hìndé?

Àwa ará ilẹ̀ Kétu ní ẹ̀rí tiwa. Ní 1886 ni ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Àbọ̀mẹ́. Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Àbọ̀mẹ́, àwọn tí ó ṣẹ́kù padà wá, wọ́n tún ìlú tò. Láti inú ìlú tí ó ti di ahoro yìí ni Ọlọ́run ti mú Thomas Mouléro jáde. Ní 1928 ni a fi òróró yàn án, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ Dàhọ̀mì àkọ́kọ́ tí ó di àlùfáà. Ìwé tí ó kà kò sọ ọ́ di àjèjì láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó lọ jókòó ti àwọn àgbà, ó kọ ìtàn Kétu àti ìtàn Sábẹ̀ẹ́ sílẹ̀ kí ìtàn náà tó bá àwọn àgbà wọ ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn wa lónìí kò lè fo orúkọ rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa pé ohun gbogbo ni ó dára nígbà náà. Ní àkókò ìjọba Faransé, ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé-ìwé, a ó fi àmì kọ́ ọ lọ́rùn, yóò sì gbé e kiri títí yóò fi rí ẹlòmíràn tí ó ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kí ni? Pé ó sọ Yorùbá! Àwọn àgbà tí ó gbé àmì náà kọ́rùn kò gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, ní ẹ̀kọ́ katikísímù, Yorùbá ni, Yorùbá náà sì ni ọ̀pọ̀ ìyá wa tí kò wọ kíláàsì rí fi kọ́ bí a ti ń ka ìwé àdúrà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ẹnì kan náà ni ó ń kọ́ ọmọdé ní àárọ̀, tí ó ń kọ́ àgbà ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ń lu agogo, tí ó sì ń ṣáájú àdúrà ní Ọjọ́ Àìkú ní abúlé tí àlùfáà kì í tètè dé. Owó tí ó ń gbà kò tó nǹkan. Iṣu àti àgbàdo tí àwọn ará abúlé ń gbé wá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni ó fi ń bọ́ ilé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Ìyípadà dé. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972 ni àwọn ológun gba ìjọba. Ní 1974 wọ́n kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè yóò máa tọ̀. Òfin ẹ̀kọ́ tuntun jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1975, àwọn ilé-ìwé Ìjọ sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Àwa tí a ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún lónìí, àkókò náà ni a bẹ̀rẹ̀ ìwé. A ro oko ilé-ìwé, a kọ orin Ìyípadà, a kò sì gbọ́ orúkọ Jésù nínú kíláàsì. Ilé tí àwọn baba wa fi orí ru omi àti yanrìn kọ́, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè kí ó tó gbà á. Ohun tí ó dùn wọ́n jù kì í ṣe ògiri. Ohun tí ó dùn wọ́n ni pé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn ọmọ tiwọn ti ń sọ̀rọ̀ ilé-ìwé náà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọ́fíìsì: ó di ti ìjọba, kò kan ẹnikẹ́ni mọ́. Ìwà náà wọ̀ wá lára. Ìjọba yẹn ti kọjá, ìwà náà kò tí ì kọjá.

Ní oṣù kejì ọdún 1990, Àpérò Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè péjọ sí Kútọnu, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza sì ni alága rẹ̀. Òfin Ìpìlẹ̀ tí ó jáde ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún náà, ní ìpín kẹrìnlá rẹ̀, fún àwọn ìjọ ẹ̀sìn láyè láti kópa nínú títọ́ àwọn ọ̀dọ́, kí a sì ṣí ilé-ìwé lábẹ́ àṣẹ àti àbójútó ìjọba. Ó ní ìjọba lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ fetí sí i dáadáa: “lè” ni òfin wí, kò wí pé “gbọ́dọ̀.” Ẹni tí ó bá jókòó tí ó ń retí “lè,” oòrùn yóò wọ̀ bá a níbẹ̀.

Ní 2006, ìjọba sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ di ọ̀fẹ́. A dúpẹ́ fún un, nítorí ọmọ púpọ̀ ni ó tipasẹ̀ rẹ̀ wọ kíláàsì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwọn òbí ti ń béèrè pé: kí ni a tún ń sanwó sí ní ilé-ìwé àwọn Fadá, nígbà tí ọ̀fẹ́ wà ní òdì kejì ọ̀nà? Ìbéèrè òmùgọ̀ kọ́ ni. Ìdáhùn rẹ̀ kò sì ṣòro: owó tí òbí ń san ni a fi ń san owó oṣù olùkọ́. Níbi tí owó náà kò bá ti wọlé, olùkọ́ yóò gba àbọ̀, tàbí kí ó gba ìlérí. A kì í se ìlérí lọ́bẹ̀.

Àwọn kan nínú wa ní ti Fadá ni ilé-ìwé, kí Fadá wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀yin ará, lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù ni yóò gbé Fadá lọ sí páríìṣì mìíràn, àwa àti ilé-ìwé ni a ó sì kù. Òfin Ìjọ ti ọdún 1983, nínú òfin 800, kò dojú ọ̀rọ̀ náà kọ àlùfáà nìkan, kò sì dojú rẹ̀ kọ òbí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Gbogbo onígbàgbọ́ ni ó ní kí wọ́n ti ilé-ìwé Kátólíìkì lẹ́yìn, ní dídá a sílẹ̀ àti ní gbígbọ́ bùkátà rẹ̀. Nígbà tí a wà ní sémínárì, olùkọ́ wa kì í jẹ́ kí a fo ohun tí ó kù nínú òfin náà: pé gẹ́gẹ́ bí agbára olúkúlùkù ni. Òfin kò béèrè màlúù lọ́wọ́ ẹni tí ó ní adìẹ. Ṣùgbọ́n kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ì báà ṣe ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti jáde, ì báà ṣe ẹni tí kò bí.

Àwọn mìíràn ní kí a fi kún owó ilé-ìwé, kí ẹni tí kò bá lè san máa lọ sí ọ̀fẹ́. Èyí ni ó bà wá lẹ́rù jù, nítorí ó jọ ọgbọ́n. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé ìṣirò wa yóò gún régé, aṣọ àwọn ọmọ yóò máa dán, ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ tí ó ń ti abúlé rin wá kò ní sí láàrin wọn mọ́. Ọmọ àwọn tí a ti kó lẹ́rú rí ni a kọ́kọ́ ṣí ilé-ìwé náà fún. Kí a wá sọ ọ́ di ilé-ìwé ọlọ́rọ̀, kí a sì tún fi orúkọ ẹni mímọ́ sórí pátákó rẹ̀, ojú yóò tì wá. Àwọn ará wa Mùsùlùmí pàápàá ń mú ọmọ wọn wá, a sì ń gbà wọ́n láìní kí wọ́n yí ẹ̀sìn wọn padà; bí ó ti yẹ nìyẹn. Póòpù Benedict kẹrìndínlógún, nínú ìwé Africae Munus tí ó fọwọ́ sí ní Wídà ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, ka ilé-ìwé Kátólíìkì sí ibi iyebíye tí ọmọ ti ń kọ́ láti kékeré bí a ti ń bá ọmọnìkejì gbé ní ìrẹ́pọ̀. Irú ìrẹ́pọ̀ wo ni ọmọ yóò kọ́ níbi tí ó jẹ́ pé àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan ni ó bá jókòó?

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀ràn owó náà ti rí gan-an. Oṣù kẹsàn-án ni a ń wọlé. Àkókò náà ni àgbàdo àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, tí gbogbo àgbẹ̀ ń tà lẹ́ẹ̀kan náà, tí oníṣòwò sì ń dá iye tí ó wù ú lé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ san owó ọmọ mẹ́ta yóò ta ohun tí ilé rẹ̀ ì bá jẹ. Nígbà tí ó bá di oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún, àgbàdo ti wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ àgbẹ̀ mọ́. Ìgbà náà gan-an ni àpò ilé-ìwé máa ń gbẹ, tí olùkọ́ fi ń kọ́ àwọn ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò CEP pẹ̀lú ikùn òfìfo. Kì í ṣe gbogbo òbí tí kò san ni kò fẹ́ san. Àsìkò ni kò bá ara mu.

Nítorí náà ni a fi ní kí ẹ rántí iṣu àti àgbàdo inú ẹ̀yìnkùlé katikísì àtijọ́. Ohun tí a ń béèrè kì í ṣe tuntun. Lẹ́yìn ìkórè àkọ́kọ́, kí ilé kọ̀ọ̀kan nínú páríìṣì, àti ti àwọn abúlé, àti ẹni tí ó ní ọmọ níbẹ̀ àti ẹni tí kò ní, gbé ìwọ̀n tóńgólò mẹ́wàá àgbàdo wá. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó mẹ́wàá, kí ó gbé márùn-ún wá. Oníṣòwò, òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn ọmọ wa tí ń gun zém, kí wọ́n mú owó rẹ̀ wá. A óò tọ́jú àgbàdo náà sínú àká páríìṣì, a óò tà á nígbà tí ó bá wọ́n. Owó oṣù olùkọ́ fún sáà kẹta, àti owó àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lè san, ni a óò fi ṣe. A kò ní fi ra ọ̀dà, a kò ní fi kọ́ ògiri. Àti pé, ẹ jọ̀wọ́, kí ó gbẹ dáadáa. Ẹni tí ó bá gbé àgbàdo tútù wá, kòkòrò ni ó gbé wá fún wa.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí a kò fẹ́ gbé mì. Ọ̀pọ̀ nínú yín kì í ṣe ahun. Ẹ ti fi owó sílẹ̀ rí, ẹ kò gbọ́ ohun tí a fi ṣe, ẹ sì ká ọwọ́ yín kò. A kò dá yín lẹ́bi. Òfin Ìjọ kan náà, nínú òfin 1287, ní kí àwọn tí ń ṣe àbójútó ohun ìní Ìjọ jíyìn fún àwọn onígbàgbọ́ lórí ohun tí wọ́n fi tọrẹ. Ìgbìmọ̀ ti gbà pé ní Ọjọ́ Àìkú tí ó bá parí oṣù, lẹ́yìn Mísà, a óò ka iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde sí etí ìjọ, ní èdè Yorùbá, kí ìyá tí ó gbé tóńgólò márùn-ún wá lè gbọ́ ọ kí ó sì béèrè ọ̀rọ̀.

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni yóò wà lẹ́nu ilẹ̀kùn àká náà: ọ̀kan lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ páríìṣì, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òbí akẹ́kọ̀ọ́. Fadá kò ní mú ìkankan. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá ni yóò máa wọn àgbàdo, nítorí kò sí ọkùnrin nínú wa tí ó lè fi tóńgólò rẹ́ wọn jẹ. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn Mísà kejì, ni a óò bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní àwọn abúlé tí ó jìnnà, ẹ kó tiyín jọ sọ́dọ̀ katikísì yín, ọkọ̀ páríìṣì yóò wá gbé e.