Ìtàkùn money plant: Bí ẹ ṣe lè sọ ìkòkò kan di mẹ́wàá nílé, àti ewu tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún

Ọ̀rọ̀ ìtàkùn kan tó wọ́pọ̀ nínú ilé ló délẹ̀ lónìí, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní money plant.

Ní Kumasi, lórílẹ̀èdè Ghana, ẹ ó rí i tó ń rọ̀ sílẹ̀ lójú fèrèsé, tó ń gun ògiri, tàbí tó wà nínú ìgò omi lórí tábìlì. Ewé rẹ̀ jọ ewé kókò kékeré, ó máa ń dán, ó sì sábà máa ń ní àmì yẹ́lò tàbí funfun lára.

Ọ̀pọ̀ ló ń ra ìkòkò kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, tí wọ́n á tún padà lọ ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀, ìkòkò kan ṣoṣo lè pèsè mẹ́wàá. Àmọ́ ohun méjì wà tí ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀ gbọ́dọ̀ mójú tó: omi inú ìgò, àti ẹnu ọmọdé.

Kí ló dé tí kò ní irúgbìn?

Erékùṣù Mo'orea, ní French Polynesia lórí òkun Pacific, ni orírun rẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pè é ni Epipremnum aureum.

Ìtàkùn yìí kì í sábà yọ òdòdó. Ọdún 1964 ni àkọsílẹ̀ ìgbẹ̀yìn wà pé ó yọ òdòdó fúnra rẹ̀. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣàlàyé nínú ìwé Scientific Reports pé ewéko nílò èròjà kan tó ń jẹ́ gibberellin kó tó lè yọ òdòdó, àmọ́ ara ìtàkùn yìí kò lè pèsè rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ìtumọ̀ èyí ni pé kò sí irúgbìn tí ẹnikẹ́ni lè gbìn. Èyí tó wà ní Kumasi, ní Ìbàdàn, ní Porto-Novo àti ní London, ara òmíràn ni wọ́n ti gé e.

Oríkèé ni ẹ máa wá

Ẹni tó bá ti gé ìtàkùn ọ̀dùnkún gbìn rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Ibi tí ewé ti yọ lára ìtàkùn ni oríkèé. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò àti ẹ̀ka tuntun ti ń jáde. Ewé tí kò ní oríkèé lè pẹ́ nínú omi láì kú, àmọ́ kò ní di ìtàkùn.

• Ẹ fi ọṣẹ fọ ọ̀bẹ tàbí àlùmọ́gàjí tí ẹ fẹ́ lò.

• Ẹ gé e ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí ìsàlẹ̀ oríkèé. Kí ègé kọ̀ọ̀kan ní oríkèé méjì, pẹ̀lú ewé kan tàbí méjì.

• Ẹ já ewé tó máa wọ inú omi kúrò, torí pé yóò jẹrà.

• Ẹ ki oríkèé ìsàlẹ̀ bọ omi tó mọ́, kí ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, àmọ́ tí oòrùn kò ti ní máa pa á.

• Gbòǹgbò yóò yọ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Bó bá ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ẹ gbìn ín sínú ilẹ̀.

Agolo tí ẹ dá ihò sí nídìí tó láti gbìn ín sí. Ẹ po ilẹ̀ dúdú mọ́ yanrìn díẹ̀, kí ẹ sì gbin ègé mẹ́ta sí márùn-ún sójú kan kó lè kún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má bomi rin ín àfi tí ẹ bá fìka kan ilẹ̀ rẹ̀ tí òkè ti gbẹ. Omi àpọ̀jù máa ń jẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ rà.

Ní Kumasi, ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta dára fún iṣẹ́ yìí. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń lọ́ra láti hù.

Omi inú ìgò lè di ilé ẹ̀fọn

Ẹ̀fọn Aedes, tó ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti dengue kiri, máa ń yé sínú ìgò òdòdó, táyà àti agolo tó gba omi dúró. Ọ̀sán ló sì máa ń jẹni, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò sí lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn.

Lọ́dún 2024, àwọn aláṣẹ ètò ìlera Ghana fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé dengue ti mú àwọn kan ní Eastern Region, tó bá Ashanti Region tí Kumasi wà pààlà.

Ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàrin ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹ máa da omi náà nù ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ sì fi kànìnkànìn fọ inú ìgò, torí pé ẹyin máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹni tí kò bá ní àyè èyí, kó gbin ègé náà sínú ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Yóò ta gbòǹgbò níbẹ̀ náà.

Ìbátan kókò ni, àmọ́ kì í ṣe oúnjẹ

Kontomire tí wọ́n ń sè ní Ghana, ewé kókò ni. Ìdílé kan náà ni kókò àti money plant. Ẹni tó bá ti jẹ kókò tí kò jinná mọ bó ṣe máa ń yún ọ̀fun. Èròjà calcium oxalate, tó rí bí abẹ́rẹ́ tín-ín-tín, ló ń fà á. Ó wà nínú money plant náà.

Ọmọ tó bá jẹ ẹ́ lè máa da itọ́, kí ẹnu rẹ̀ sì wú. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ fún un ní omi mu, ẹ má fipá mú un bì. Bí ọ̀fun bá wú tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó léwu fún ajá, ológbò àti ewúrẹ́ náà.

Igi gànràngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ gbé e kọ́ sókè. Bó bá ti gùn débi tí ọwọ́ ọmọ lè tó, ẹ gé e. Ohun tí ẹ gé yẹn ni ìkòkò tó kàn.

Kò lè rọ́pò igi

Wọ́n ń pe Kumasi ní Ìlú Ọgbà ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àmọ́ ilé ti gba ọ̀pọ̀ ibi tí igi wà tẹ́lẹ̀. Ìtàkùn inú agolo kò lè ṣe iṣẹ́ igi. Àwọn tó ń tà á máa ń ní ó ń fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́, àmọ́ inú àpótí tí wọ́n dé pa ni NASA ti ṣe àyẹ̀wò tó gbajúmọ̀ lórí èyí lọ́dún 1989. Ilé tó ní fèrèsé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì da èyí tí ẹ kò fẹ́ mọ́ sínú igbó tàbí etí odò. Ní Hawaii àti Sri Lanka, ó ti di ìtàkùn tó ń bo igi inú igbó mọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá bèèrè, ẹ gé tirẹ̀ fún un, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ omi ìgò àti ẹnu ọmọdé fún un kó tó gbé e lọ.